Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ AC ọkọ̀ tí mo fẹ́ fi máa fẹ́ táyà: ẹ wá bá mi dá sí i

Ọmọ Píkọ́ọ̀pù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan ni mò ń wà. AC rẹ̀ ti kú pátápátá: kọ́ńdẹ́ńsà ti lu, àwọn páìpù ti dípẹtà. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ nìkan ló ṣì dáa. Mo fi ọwọ́ yí i, kò há rárá, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀, èyí tó ń so ó mọ́ púlì, sì ń gbá "kà!" tí mo bá fi iná bátìrì kàn án.

Ọ̀nà oníyanrìn ni mo sábà máa ń gbà. Mo máa ń dín atẹ́gùn táyà kù kí n tó wọ iyanrìn, tí mo bá jáde, màá tún fẹ́ ẹ padà. Pọ́ńpù kékeré tí wọ́n ń ki bọ ihò sìgá ni mò ń lò. Kó tó fẹ́ táyà méjì, òun fúnra rẹ̀ á ti gbóná débi pé mi ò ní lè fọwọ́ kàn án.

Mo gbọ́ pé àwọn kan máa ń fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ AC fẹ́ atẹ́gùn. Ṣé òótọ́ ni, àbí àròsọ? Tó bá jẹ́ òótọ́, kí ni mo máa nílò? SD-508 ni wọ́n kọ sára tèmi.

Bàbá Sípánà

Òótọ́ ni, ọmọ mi, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ò mọ̀ bóyá gáàsì lòun ń tì tàbí atẹ́gùn. Ibi tí wàhálà wà ni ọ́ìlì.

Nínú AC, gáàsì ló ń gbé ọ́ìlì káàkiri. Wọ́n á jọ jáde, wọ́n á jọ yí po, wọ́n á jọ padà wọlé. Tó o bá ti tú gáàsì dànù, tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ wá ń fa atẹ́gùn ìta, ọ́ìlì tó bá bá atẹ́gùn jáde ti lọ nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ ló máa gbẹ, tó bá sì gbẹ tán, yóò gan pa.

Kó o tó ra nọ́ọ̀tì kan, mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ. Ọmọ ìyá ni gbogbo wọn, àmọ́ ìwà wọn ò jọra. Èyí tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fẹ́ràn jù ni York, èyí tó dúró ṣánṣán, tó ní písìtìn méjì, tí wọ́n ń lò nínú Volvo àtijọ́ àti Jeep àtijọ́. Abẹ́ rẹ̀ ní ibi tí ọ́ìlì ń gbé, ọ́ìlì tirẹ̀ ni, kò retí kí gáàsì gbé e wá. Sanden SD-508 tìrẹ yìí ò ní irú ibi bẹ́ẹ̀. Kò burú, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju ti York lọ.

Onímọ̀ AC

Bàbá Sípánà, mo kí yín o. Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n tún ibì kan ṣe. Ẹ ní kó "tú gáàsì dànù". Kó má tú u síta o! Tí gáàsì kankan bá ṣì kù nínú ẹ̀rọ yẹn, ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa gáàsì sínú sílíńdà ni kó bá a fà á. R12, gáàsì AC tó wà nínú ọkọ̀ àtijọ́, ń jẹ ìpele ozone tó ń dáàbò bo ayé. R134a, gáàsì tó rọ́pò rẹ̀, ò jẹ ozone, àmọ́ kílò kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná tó nǹkan bíi 1,430 kílò carbon dioxide. Yàtọ̀ síyẹn, tó bá ta sí ọ lójú, ó lè dì í lójú ẹsẹ̀.

Ìdí kejì nìyí, èyí tí àwọn èèyàn kì í rò. R134a kì í gbiná nínú afẹ́fẹ́ lásán. Àmọ́ tí wọ́n bá pa òun àti atẹ́gùn pọ̀, tí wọ́n sì tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ gan-an, ó lè gbiná. Kó rí i dájú pé gáàsì ti tán pátápátá kó tó fi atẹ́gùn kankan sínú ẹ̀rọ náà.

Kó da ọ́ìlì àtijọ́ nù pẹ̀lú. Ọ́ìlì PAG tó ń bá R134a ṣiṣẹ́ máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Nínú AC tí wọ́n dé pa, kò sí wàhálà. Nínú ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ ìta lójoojúmọ́, ìpẹtà ni yóò bí. Ọ́ìlì tí wọ́n ń bù sí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ atẹ́gùn ni kó lò dípò rẹ̀.

Fún àwọn tó bá máa ka èyí lẹ́yìn ọ̀la: kì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ló ṣeé lò. Àwọn tuntun kan ò ní kílọ́ọ̀ṣì rárá, wọ́n ń yí ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń dín ìwọ̀n tí wọ́n ń tì kù fúnra wọn. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ fi èyí tí inú rẹ̀ ká bí ìkarahun ìgbín náà sílẹ̀, tí kò ní písìtìn, nítorí àlàfo inú rẹ̀ tín-ín-rín, láìsí ọ́ìlì kò lè pẹ́. Èyí tó wà nínú ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná ńkọ́? Iná tó wà níbẹ̀ lè pa èèyàn. Ẹ má tilẹ̀ tú u.

Ìyá Bọ́ọ̀sì

Èmi kàn fẹ́ béèrè ni o. Kí ló dé tí ò lọ ra pọ́ńpù oníná 12V ńlá, èyí tí wọ́n ń so mọ́ bátìrì gangan? Kò ní gbé ẹnikẹ́ni wọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Oníṣirò

Àǹtí, ìbéèrè yín dáa. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà wò ó.

SD-508 ń gbé 138 cc ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. York 210 ń gbé nǹkan bíi 169 cc. Tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá ń yí ní ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, SD-508 ń fa nǹkan bíi lítà 276 ní ìṣẹ́jú kan lórí ìwé. Lójú ayé kò lè tó bẹ́ẹ̀, ẹ ka ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ká ní ó jẹ́ lítà 150.

Tí inú táyà píkọ́ọ̀pù bá gba nǹkan bíi lítà 80, tí a sì fẹ́ gbé e láti 15 psi (ìwọ̀n bí atẹ́gùn ṣe ń tẹ̀, tí gééjì ń fi hàn) dé 35 psi, atẹ́gùn tí a máa fi kún un jẹ́ nǹkan bíi lítà 109. Ìyẹn ò tó ìṣẹ́jú kan fún táyà kan. Kí pọ́ńpù oníná tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní láti jẹ́ èyí tó lágbára gan-an, ọ̀pọ̀ wọn sì nílò ìsinmi lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Ẹ́ńjìnì ló ń yí èyí, kì í ṣe bátìrì, agbára sì pọ̀ lára ẹ́ńjìnì ju ohun tí pọ́ńpù ń béèrè.

Ìyá Bọ́ọ̀sì

Mo ti gbọ́ o. Àmọ́ ẹni tí AC rẹ̀ ṣì ń fọn kò gbọ́dọ̀ bà á jẹ́ nítorí táyà. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn náà wà níbí.

Awakọ̀ Iyanrìn

Òdodo ọ̀rọ̀. Tí AC bá ṣì dáa, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kejì ni wọ́n máa ń gbé sí ẹ́ńjìnì, pẹ̀lú irin ìdìmú tirẹ̀ àti bẹ́líìtì tirẹ̀. Tí AC bá ti kú bíi ti ẹni tó béèrè yìí, ilé ti wà nílẹ̀: irin ìdìmú, púlì, bẹ́líìtì, gbogbo ẹ̀ ló ti wà.

Ìmọ̀ràn tèmi: má ra táńkì. Táyà lo fẹ́ fẹ́, kì í ṣe pé o fẹ́ ṣí ilé ìkunlé. Fi hóòsì láti ẹnu ìtújáde kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ dé ibi tí wàá ti máa so hóòsì táyà mọ́ ọn, fi gééjì sí i, fi fáàfù tó ń já atẹ́gùn dànù sí i, ó parí. York ni tèmi, mi ò ní táńkì, mo sì ń fẹ́ táyà mi bó ṣe wù mí.

Bàbá Sípánà

Láìsí táńkì kẹ̀? Gbogbo ìgbà tó o bá fa hóòsì kúrò lára táyà, tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ṣì ń yí, níbo ni atẹ́gùn máa gbà? Fáàfù yẹn á máa pariwo, kílọ́ọ̀ṣì á máa wọlé-jáde, wọlé-jáde. Táńkì ló ń fún un nísinmi. Tó bá tún wu ọmọ yìí lọ́la láti fi ìbọn tú nọ́ọ̀tì táyà, láìsí táńkì, á kàn máa fọ̀n fìì ni.

Oníṣirò

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ń sọ òótọ́. Táńkì lítà 20 tó wà ní 120 psi, tí a bá lò ó dé 40 psi, yóò tú nǹkan bíi lítà 109 jáde. Ìyẹn jẹ́ táyà kan ṣoṣo! Fún táyà nìkan, táńkì ò mú kí iṣẹ́ yá. Fún ìbọn nọ́ọ̀tì tó ń fẹ́ atẹ́gùn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó sì ń sinmi, ibẹ̀ ni táńkì ti wúlò.

Nǹkan kan tún wà tó gbe Awakọ̀ Iyanrìn lẹ́yìn. Tí a bá tẹ atẹ́gùn tó wà ní 30°C dé 35 psi, tí ooru ò bá ráyè sá lọ, yóò gbóná dé nǹkan bíi 156°C. Tí a bá tẹ̀ ẹ́ dé 120 psi láti kún táńkì, ìṣirò kan náà á gbé e súnmọ́ 300°C. Irin kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ máa ń fa díẹ̀ lára ooru yẹn, kò ní gbóná tó bẹ́ẹ̀ lójú ayé. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé fífẹ́ táyà tààrà rọ ẹ̀rọ lọ́rùn.

Onímọ̀ AC

Ooru yẹn ló ń mú kí n máa pariwo hóòsì. Hóòsì àkọ́kọ́ tó jáde lára kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ Teflon, tí wọ́n fi wáyà irin hun bò. Hóòsì rọ́bà lásán á rọ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ náílọ́ọ̀nù tí wọ́n ń lò fún bíréèkì tírélà á yọ́. Lẹ́yìn mítà kan tàbí méjì tí atẹ́gùn ti tutù, ẹ lè lo rọ́bà tó dáa. Ẹ má lo páìpù PVC tí wọ́n fi ń fa omi sílé láéláé. Tó bá bẹ́, èéfọ́ rẹ̀ á máa fò bí ọta.

Wẹ́dà Ọ̀nà Òkè

Táńkì ò lè jẹ́ ìṣòro. Mo lè bá èèyàn lẹ nípù mọ́ sílíńdà gáàsì AC tó ti tán, èyí fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń sọ nù yẹn. Sílíńdà gáàsì ìdáná àtijọ́ náà ṣeé lò.

Bàbá Sípánà

Rárá o! Má ṣe bẹ́ẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Sílíńdà tí wọ́n ń sọ nù yẹn, ìgbà kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é fún. Irin rẹ̀ tín-ín-rín, omi tó ń bá atẹ́gùn wọlé á sì jẹ ẹ́ láti inú, ibi tí ojú ò tó. Ti gáàsì ìdáná, gáàsì tó kù nínú rẹ̀ lè bú gbàmù níbi tó o ti ń lẹ̀ ẹ́, àwọn tó kú sídìí iṣẹ́ yẹn kì í ṣe díẹ̀.

Táńkì bíréèkì tírélà ni kó wá. Wọ́n kọ ìwọ̀n psi tó lè gbà sára rẹ̀, ó ní ihò fún fáàfù, ó sì ní ihò ìdọ̀tí nísàlẹ̀. Kó dè é kí ihò yẹn kọjú sísàlẹ̀, kó sì máa ṣí i kí omi jáde.

Wẹ́dà Ọ̀nà Òkè

Mo ti gbọ́, Bàbá. Ti tírélà náà dáa. Mi ò ní lẹ nǹkan kan mọ́ ọn nígbà náà, bẹ́líìtì irin ni màá fi dè é mọ́ férémù.

Ọmọ Píkọ́ọ̀pù

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sórí ọ̀rọ̀ ọ́ìlì. Ẹnì kan ní kí n kó gíríìsì kún inú SD-508 mi, ẹlòmíràn ní gíríìsì á bà á jẹ́. Èwo ni kí n gbà?

Awakọ̀ Iyanrìn

Gíríìsì ṣiṣẹ́ fún ọ̀rẹ́ mi. Níbi tí wọ́n ti ń bu ọ́ìlì, ó fi ẹnu gíríìsì kékeré sí i, irú èyí tí wọ́n ń fún sí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ó dí àwọn ihò kéékèèké tó so inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ pọ̀ mọ́ ẹnu ìfàmu, kí gíríìsì má bàa bá atẹ́gùn jáde. Ó ń fún un díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Onímọ̀ AC

Mi ò fara mọ́ gíríìsì. Tí àwo inú SD-508 bá ti ń yí, yóò ju gíríìsì sára ògiri, ibẹ̀ ni yóò sì lẹ̀ mọ́. Bẹ́árínnì tó nílò rẹ̀ á máa wò ó lókèèrè. Ìyẹn nìkan kọ́. Atẹ́gùn díẹ̀ máa ń yọ́ kọjá ìdí písìtìn bọ́ sínú. Tẹ́ ẹ bá ti dí ihò yẹn, kò ní ọ̀nà àbájáde. Yóò ti síìlì ọ̀pá iwájú jáde.

Bàbá Sípánà

Ti síìlì yẹn, rọra o. Nígbà tí AC ń ṣiṣẹ́, tí o bá pa á lọ́jọ́ tí oòrùn mú, gáàsì inú gbogbo ẹ̀rọ máa ń dọ́gba. R134a ní 30°C ń tẹ̀ tó nǹkan bíi 97 psi, síìlì yẹn sì ń mú un. Kò ní tètè yọ. Ti pé gíríìsì ń lẹ̀ mọ́ ògiri ni mo bá ọ gbà.

Onímọ̀ AC

Ẹ ti mú mi lórí síìlì, Bàbá. Lórí bẹ́árínnì, mi ò yí padà.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn: fi ẹ̀rọ kékeré tó ń kán ọ́ìlì sí ọ̀nà ìfàmu, irú èyí tí wọ́n ń lò fún irinṣẹ́ atẹ́gùn. Ìkán díẹ̀díẹ̀ ni. Ní ọ̀nà ìtújáde, fi ohun tó ń ya ọ́ìlì sọ́tọ̀, kó o sì máa da èyí tó bá kó jọ síbẹ̀ nù. Jẹ́ kí ihò kéékèèké yẹn wà bí wọ́n ṣe wà, kí ọ́ìlì lè ráyè bọ́ sínú. Tó o bá máa gbé ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kán ọ́ìlì díẹ̀ sí ẹnu ìfàmu kó o tó pa ẹ́ńjìnì, kí ìpẹtà má bàa mú sílíńdà.

Awakọ̀ Iyanrìn

York náà ń tu ọ́ìlì o, kẹ́ni má rò pé ó bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn. Ohun tó ń ya ọ́ìlì sọ́tọ̀ yẹn, gbogbo wa ló nílò rẹ̀. Ẹ máa wo ìwọ̀n ọ́ìlì rẹ̀. Ẹ sì lè dè é ní ìnàró tàbí ní ẹ̀gbẹ́, àmọ́ ẹ má dojú rẹ̀ délẹ̀.

Rewáyà

Kò sí ẹni tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti wáyà.

Má lo wáyà AC tó wà nínú ọkọ̀ bó ṣe wà. Súwíìṣì kan wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì wọlé tí gáàsì ò bá sí, gáàsì ò sì ní sí mọ́. Tìrẹ ni kó o ṣe. Kílọ́ọ̀ṣì ń fa nǹkan bíi ampù 3 sí 4. Láti bátìrì, fi fíúùsì, kó wọ rìléè (súwíìṣì tí iná kékeré ń tan), kó ti ibẹ̀ lọ sí kílọ́ọ̀ṣì. Iná tó ń jí rìléè, gba ti ọ̀nà kíì, gba ti súwíìṣì inú ọkọ̀, lẹ́yìn náà gba ti súwíìṣì atẹ́gùn tó wà lára táńkì. Èyí tó ń tan ní 90 psi, tó ń pa ní 120 psi, dáa fún un. Fi dáyóòdù (èyí tí iná ń gbà kọjá lápá kan ṣoṣo) sí ẹ̀gbẹ́ kílọ́ọ̀ṣì, nítorí iná tó ń ta padà nígbà tí kílọ́ọ̀ṣì bá já lè ba nǹkan jẹ́ nínú ọkọ̀ tó ní kọ̀ǹpútà.

Ẹni tí kò bá lo táńkì kò nílò súwíìṣì atẹ́gùn tó ń tan tó ń pa, àmọ́ kó ṣáà fi èyí tó ń pa sí i.

Bàbá Sípánà

Súwíìṣì kì í ṣe ààbò o. Súwíìṣì lè lẹ̀ pọ̀, kó má pa mọ́. Fáàfù àjádànù ni ààbò, èyí tó ń ṣí fúnra rẹ̀ ní 150 psi tí táńkì bá jẹ́ ti 150. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ AC lè tẹ atẹ́gùn kọjá ibi tí táńkì lè gbà.

Ọmọ Píkọ́ọ̀pù

Mo rí fáàfù kan lẹ́yìn kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ọkọ̀ mìíràn, wọ́n ní ìyẹn náà máa ń já gáàsì dànù. Ṣé kò tó?

Onímọ̀ AC

Kò tó rárá. Ìyẹn ò ní ṣí títí yóò fi kọjá nǹkan bíi 500 psi. Ìyẹn ti ju ìwọ̀n tí wọ́n ṣe táńkì rẹ fún lọ fíìfíì. Ó wà fún AC, kò wà fún ọ.

Mo sì fẹ́ kún ti Bàbá Sípánà. Fáàfù tí kì í jẹ́ kí atẹ́gùn padà ní láti wà láàárín kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ àti táńkì, kó jẹ́ onírin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, atẹ́gùn táńkì á máa jò gba inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ padà. Àmọ́ fáàfù yẹn náà lè lẹ̀ pa. Tó bá lẹ̀ pa, fáàfù àjádànù tó wà lórí táńkì ò ní mọ̀, hóòsì tó wà ṣáájú rẹ̀ ló máa bẹ́. Àjádànù méjì ni: ọ̀kan lórí táńkì, ọ̀kan ṣáájú fáàfù yẹn. Kò gbọ́dọ̀ sí ẹ̀rọ ìdènà kankan láàárín táńkì àti fáàfù àjádànù tirẹ̀.

Rewáyà

Ibi tí wàá ti máa fa atẹ́gùn ńkọ́? Tó o bá fẹ́ fà á láti inú àpótí fílítà ẹ́ńjìnì, ó dáa, ó mọ́. Àmọ́ tí ẹ́ńjìnì rẹ bá ní ohun tó ń wọn atẹ́gùn tó ń wọlé, láàárín fílítà àti ohun yẹn ni kó o ti fà á. Tó o bá fà á lẹ́yìn rẹ̀, kọ̀ǹpútà á rò pé ẹ́ńjìnì ló mu ún, á sì tú epo púpọ̀.

Ìyá Bọ́ọ̀sì

Ẹ sọ fún wọn pé atẹ́gùn yẹn ò ṣeé mí símú o. Mo ti gbọ́ tí ẹnì kan ní òun fẹ́ fi kún sílíńdà àwọn tó ń rì sínú omi. Ọ́ìlì wà nínú rẹ̀! Ti ọ̀dà fífín ọkọ̀ náà, láìsí fílítà tó ń yọ ọ́ìlì àti omi, ojú ọ̀dà á kún fún àbààwọ́n. Irinṣẹ́ atẹ́gùn nìkan ni ọ́ìlì yẹn ṣe lóore.

Ọmọ Píkọ́ọ̀pù

Mo dúpẹ́. Ohun tí mo pinnu nìyí. Màá bẹ̀rẹ̀ láìsí táńkì, bí Awakọ̀ Iyanrìn ṣe wí: ẹ̀rọ tó ń kán ọ́ìlì, hóòsì Teflon, ohun tó ń ya ọ́ìlì sọ́tọ̀, fáàfù àjádànù, gééjì. Tí mo bá wá nílò ìbọn nọ́ọ̀tì, màá wá táńkì tírélà. Ṣé nǹkan kan wà tí mo gbàgbé lára kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀?

Bàbá Sípánà

Wo àlàfo tó wà láàárín kílọ́ọ̀ṣì àti púlì, 0.4 sí 0.8 mm ló yẹ kó jẹ́. Tó bá fẹ̀ jù, á máa yọ̀ bí agbára ṣe ń wọ̀ ọ́, á sì jóná. Fa bẹ́líìtì dáadáa.

Onímọ̀ AC

Mọ ẹnu ìfàmu yàtọ̀ sí ti ìtújáde kó o tó ki hóòsì kankan bọ̀ ọ́. S ni wọ́n máa ń kọ sí ìfàmu, D sí ìtújáde.

Awakọ̀ Iyanrìn

Kó o sì di hóòsì yẹn mọ́ nǹkan, kó jìnnà sí páìpù èéfín.